Ọjọ́ tí mo ń wá ojú ìyá mi láàárín ewé ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sátidé kan báyìí, kó tó di pé ẹ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó ti fi iyọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú yín lẹ rí fọ́tò ìyá mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà. Ẹ pè mí, ẹ gbàdúrà, ẹ bá mi pín in káàkiri. Ẹ ṣé o. Àmọ́ ẹ ò mọ bí fọ́tò yẹn ṣe jáde. Kí n tó rí i, ó kù díẹ̀ kí n ya wèrè!

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Fúnkẹ́ ni orúkọ mi, tíṣà ni mí ní ilé ìwé girama kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà Ìjàgun ni ilé wa wà. Ọkọ mi ti ṣaláìsí, ó ti lé lọ́dún méjì. Tọ́míwá, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń kàwé n'Ílọrin. Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé.

Mọ́mì ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí wọ́n nà lẹ́gba nígbà yẹn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta ni ìgbàgbé ti dé bá wọn. Kì í ṣe irú ìgbàgbé tèmi tẹ̀yin o, tí èèyàn á mú kọ́kọ́rọ́ dání tí á máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Wọ́n lè jẹun tán kí wọ́n ní àwọn ò jẹun láti àná. Wọ́n lè wò mí lójú kòrókòró kí wọ́n ní, "Tíṣà, ọmọ ta ni ẹ́?"

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo wà ní kíṣínì ẹ̀yìnkùlé, mò ń rin ewùrà tí mo fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Mọ́mì wà ní pálọ̀. Mo gbọ́ tí géètì dún. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹ gbọ́ mi o: mo gbọ́ ọ! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, mi ò sì dìde. Ewùrà ń yún mi lọ́wọ́, mo ní kí n rin ìyókù tán.

Nígbà tí mo máa fi wọlé, àga ti ṣófo.

Mo wo yàrá. Mo wo ilé ìwẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó ń wá ọmọ kékeré. Mo yọjú wo kànga. Ẹ má bi mí léèrè bí ọkàn mi ṣe rí nígbà tí mo ń yọjú wo kànga yẹn. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Mo bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ó ní òun ò rí wọn. Mo bi fọganáísà tó wà ní kọ̀rọ̀, ó ní òun rí ìyá àgbà kan tó gbé báàgì dúdú mọ́yà, tó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà? Kò lè sọ. Táyà ló gbájú mọ́.

Igbe tí mo ń ké ló mú Àlàájà Mutiátù jáde. Ìyẹn ni ìyá tí ilé wọn kángun sí tiwa, tí wọ́n ń ta léèsì àti àǹkárá. Àlàájà ò béèrè nǹkan púpọ̀. Wọ́n fi híjáàbù borí, wọ́n fún mi ní bàtà ara wọn, wọ́n sì wa mọ́tò wọn gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Obìnrin ọlọ́pàá tí a bá níbẹ̀ ṣèèyàn. Ó ní kí n jókòó. Ó gba orúkọ, ó gba ọjọ́ orí. Ó wá bi mí pé aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀! Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tí mo fún ní tíì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò mọ àwọ̀ aṣọ tó wà lọ́rùn wọn. Mo kàn ń tún un sọ pé, "Bùbá ni. Bùbá àti ìró ni."

Ó ní kò burú, kí n fún òun ní fọ́tò wọn, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, tí ojú hàn kedere, kí òun lè fi ránṣẹ́ sí àwọn àgọ́ tó kù. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó gún mi lọ́kàn. Ó ní àgbàlagbà tí kò bá lè sọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, fọ́tò ni ẹnu rẹ̀.

Mo fa fóònù yọ. Fóònù tuntun ni. Èyí àtijọ́ ti bọ́ sínú omi ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Mo tú tuntun yìí wò látòkè délẹ̀: fọ́tò ìwé ìdánwò, fọ́tò irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, fọ́tò ọbẹ̀. Ọbẹ̀ o! Mo ya ọbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò ya ìyá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

A sáré padà sílé. Fọ́tò tó wà lára ògiri ni èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún nínú rẹ̀, irun wọn dúdú kirikiri. Ẹni tó bá fi ìyẹn wá wọn á kọjá lára wọn ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Dàpọ̀, tó wà l'Ákùúrẹ́. Kí ni Bọ̀dá fi ránṣẹ́? Fọ́tò ìgbéyàwó tiwọn, tí Mọ́mì wé gèlè bo etí méjèèjì, tí wọ́n sì wọ awò dúdú. Ìyá ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́.

Bọ̀dá Dàpọ̀ wá ní, "Kọ̀ǹpútà ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣebí kámẹ́rà kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀?"

Mi ò ṣí kọ̀ǹpútà yẹn láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi. Abẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀ ló wà nínú wọ́dúróòbù, mi ò sì fẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ṣé ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ tí èèyàn ń yan ohun tó fẹ́? Mo kó aṣọ sílẹ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà mọ́ àyà. Kò sí iná, bátìrì rẹ̀ sì ti kú. Mo bá gbé e lọ sí pálọ̀ Àlàájà, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ sí oko àwọn àgbẹ̀, kó máa wo ẹ̀gẹ́ tí àrùn mú, kó ya ewé rẹ̀ ní fọ́tò. Ohun gbogbo tó bá yà, inú fódà kan náà ló ń dà á sí, kì í sì í fún wọn lórúkọ. Nọ́ńbà lásán ni kámẹ́rà ń kọ sára wọn. Mo wo iye wọn nísàlẹ̀: wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Mo tẹ ti àkọ́kọ́, ó ṣí gbàgà: ewé ẹ̀gẹ́. Mo tẹ ọfà láti lọ sí èyí tó kàn: ewé ẹ̀gẹ́. Èyí tó kàn: ewé ẹ̀gẹ́, àti ìka ọwọ́ ọkọ mi tó dì í mú. Mo fò ó. Ewé ẹ̀gẹ́. Ewé ẹ̀gẹ́. Ebè. Ewé ẹ̀gẹ́. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń rò ó kó tó ṣí. Mò ń tẹ̀, mò ń sunkún, mò ń tẹ̀. Aago mọ́kànlá lù, mi ò tíì kà tó ọgọ́rùn-ún méjì, ìyá mi sì wà níta lábẹ́ oòrùn. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi pé tí mo bá ń bá a lọ báyìí, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́. Mo gbé orí lé tábìlì.

Àlàájà Mutiátù gbé omi wá fún mi. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wo ohun tí mò ń ṣe, wọ́n ní, "Ìyá Tọ́míwá, ṣé bó o ṣe ń wò ó látàárọ̀ nìyí? Èèyàn sọnù lọ́jà, o wá ń kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan! Gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó o wo gbogbo ọjà pọ̀!"

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n sún. Wọ́n jókòó, wọ́n fi awò wọn sójú, wọ́n tẹ àmì kan lókè tó dà bí àpótí kéékèèké mẹ́rin. Wàá! Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà yí padà. Àwọn fódà tò sápá òsì, àpótí kéékèèké wá tò sápá ọ̀tún bí hóró àgbàdo lára ṣùkù. Tọ́míwá ti wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé thumbnail ni wọ́n ń pè é. "Àwọn kéékèèké" ni Àlàájà ń pè é ní tiwọn. Wọ́n ní fọ́tò léèsì àwọn nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kò lóǹkà. Tí oníbàárà bá dúró lọ́rùn àwọn, ṣé kí àwọn máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan ni? Tíṣà ni mí o, ẹ rántí! Ìyá tó ń ta léèsì ló ń kọ́ mi níwèé!

Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọ̀ eérú lásán ni gbogbo àpótí náà kọ́kọ́ ní, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Kọ̀ǹpútà ti pẹ́, ó ń kùn, ó ń fà wọ́n jáde ní ẹyọ kan, ní ẹyọ méjì. Mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìlà kan kún. Ìlà kejì kún. Lójijì, jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó tún húkọ́, ó kú.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bíríbírí.

Mo figbe ta. Mò ń gbá tábìlì. Àlàájà sáré jáde, wọ́n bu epo sí i, wọ́n fà á, wọ́n tún fà á, wọ́n ń pe Ọlọ́run, wọ́n ń bú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó dáhùn tí a sì tan kọ̀ǹpútà padà, ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ti jáde tẹ́lẹ̀ kò tún fi àkókò ṣòfò mọ́. Wọ́n kàn yọ ni, bí ẹni pé ó ti fi wọ́n pamọ́ síbì kan. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n tó wà nínú nǹkan yìí. Nígbà tí wọ́n bá kéré bẹ́ẹ̀, ojú rẹ ò ní wo ewé mọ́, àwọ̀ ló máa wò. Gbogbo ibi tó bá ti tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀gẹ́ ni, kọjá. Ibi tí àwọ̀ bá ti yàtọ̀, dúró, èèyàn ló wà níbẹ̀! Mò ń yí i lọ sísàlẹ̀: ewé, ewé, ewé, pupa! Mo dúró. Ìbọ̀sẹ̀ Tọ́míwá lórí okùn ni. Ewé, ewé, funfun! Ọkọ mi ni.

Ó ya ara rẹ̀ nínú díńgí mọ́tò, ó fi kámẹ́rà bo ojú kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Mo fi ọwọ́ kàn án. Fún bí ìṣẹ́jú kan, mo gbàgbé ohun tí mò ń wá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbàgbé ìyá mi. Àlàájà gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Ìyẹn ti lọ sinmi. Èyí tó wà níta ni ká wá."

Mọ́mì ò fẹ́ràn fọ́tò láéláé. A ń rí wọn, ojú wọn ni a ò rí. Nínú èyí, wọ́n fi ọwọ́ bojú. Nínú èyí, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa. Nínú èyí, ìdajì orí. Àlàájà fa nǹkan kan sápá ọ̀tún, àwọn kéékèèké náà tóbi díẹ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. A ń lọ, a ń lọ. Bí aago méjìlá àbọ̀, mo kígbe pé, "Ẹ dúró!"

Mọ́mì ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ilẹ̀kùn búlúù, ìyá àgbà mìíràn jókòó tì wọ́n. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ya àwọn. Ojú wọn hàn, eyín wọn hàn, àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú wọn hàn kedere. Àlàájà gé ojú Mọ́mì jáde nínú rẹ̀, a kọ nọ́ńbà mi sí i, a fi ránṣẹ́ sí obìnrin ọlọ́pàá náà, sí ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí ẹ̀yin náà. Ẹ tètè gbé e kiri. Mo rí i. Mi ò ní gbàgbé.

Mo padà sára àwọn kéékèèké náà bóyá mo lè rí òmíràn. Ohun tí mo rí nígbà náà, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ṣì ń ṣí i, mi ò bá tí rí i títí ayé. Bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ọdún ni wọ́n tò. Nínú gbogbo igbó ewé náà, àwọ̀ búlúù kan ń yọ. Mo yí i lọ sísàlẹ̀: búlúù. Mo tún yí i: búlúù. Ilẹ̀kùn kan náà. Bẹ́ǹṣì kan náà. Ìyá kan náà ni wọ́n jókòó tì, lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́rin. Aṣọ nìkan ló ń yí padà, irun wọn sì ń funfun sí i.

Ta ni ìyá yìí? Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Dàpọ̀. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Háà! Àǹtí Bísí nìyẹn, ní Ayépé. Wọ́n jọ ṣe tíṣà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge, yàrá kan náà ni wọ́n gbé. Ṣé o ò mọ̀ pé ọkọ ẹ máa ń gbé Mọ́mì lọ síbẹ̀ tó bá ń lọ wo oko?"

Mi ò mọ̀. Ọkọ mi á ní òun fẹ́ gbé Mọ́mì jáde kí wọ́n lọ gba atẹ́gùn, èmi á ní ó dára, màá sì dojú kọ ìwé tí mò ń máàkì. Láti ìgbà tó ti kú, ta ló gbé wọn débẹ̀ mọ́? Kò sẹ́nì kankan. Ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí Mọ́mì ti ń sọ pé Bísí ń retí àwọn. Kí lèmi ń dá wọn lóhùn? "Mọ́mì, ẹ jókòó, ẹ jẹun." Mo rò pé ìgbàgbé ló ń sọ̀rọ̀.

Àlàájà ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Nígbà tí a dé Ayépé, mò ń na fóònù sí ẹni tí mo bá rí, mò ń ní kí wọ́n wo ilẹ̀kùn yìí. Bàbá kan júwe fún wa. A dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn búlúù, bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tí kò jù mí lọ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, eérú ibi tó ti ń yan gàrí wà ní apá rẹ̀. Yétúndé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àǹtí Bísí. Bó ṣe rí fọ́tò ọwọ́ mi, ó ká ọwọ́ lérí.

Ó ní wọ́n ti dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ó ní ọlọ́kadà kan ló já wọn sílẹ̀, wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n ní Bísí dà? Òun sì sọ fún wọn pé, "Mọ́mì, ìyá mi ti kú, ó ti di ọdún tó kọjá." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wá ń sunkún bí ọmọdé. Òun wọlé lọ bu omi wá fún wọn. Kí òun tó jáde, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Òun náà ti ń wá wọn kiri láti ìgbà náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi pè wá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá a jà o, ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ní, "Àǹtí, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo ní ni ti bọ̀dá tó máa ń gbé wọn wá. Mo pè é títí nígbà tí ìyá mi kú. Mo tún pè é láàárọ̀ yìí. Kò lọ rárá."

Nọ́ńbà ọkọ mi. Àlàájà ló bá mi sọ fún un pé ó ti kú.

A lọ sí ibi tí mọ́tò ti ń gbé èrò. Ẹnì kan ní ìyá àgbà kan tó ń sunkún wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀dọ̀gbolu. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, Ìjẹ̀bú-Òde ni mọ́tò náà dorí kọ. Ojú ọ̀run ti ṣú. Mo ro gbogbo ọ̀nà tó wà níwájú wa, mo ro òjò, mo ro ìyá mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọ̀rẹ́ wọn fún, tí wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n wà. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn èrò. Mo ní, "Àlàájà, èmi ni mo pa wọ́n. Mo gbọ́ géètì." Àlàájà ò rọ̀ mí. Wọ́n fà mí lápá, wọ́n ní, "Dìde ńlẹ̀. A ò tíì dé ibi tí à á ti sunkún."

Ibi tí mo ti ń dìde ni fóònù ti dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Ohùn obìnrin kan ní ṣé èmi ni mo ní ìyá tó wà nínú fọ́tò? Ó ní télọ̀ ni òun, ní Ìbẹ̀fún. Ìyá kan ti jókòó sábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù òun ó ti tó wákàtí méjì, òun rò pé wọ́n ń dúró de ẹnì kan ni. Fọ́tò náà bá wọlé sórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ó ní kò kọ́kọ́ dá òun lójú, nítorí ẹni inú fọ́tò ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó wà níwájú òun ò sì rẹ́rìn-ín rárá. Àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ imú ni òun fi mọ̀ wọ́n.

Bí Àlàájà ṣe sáré dé Ìbẹ̀fún lọ́jọ́ yẹn, kí ọlọ́pàá ojú pópó má gbọ́ o!

Mọ́mì wà lórí àpótí kékeré kan, wọ́n gbé báàgì dúdú mọ́yà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù. Bùbá wọn jẹ́ àwọ̀ osùn. Mo wò ó dáadáa, mo kọ́ ọ sórí. Mo wólẹ̀ níwájú wọn, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Wọ́n ní, "Tíṣà, o pẹ́." Wọ́n wá fi èdè Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé sọ fún mi, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pé wọ́n ní Bísí ti kú.

Télọ̀ náà ń sunkún, èmi ń sunkún, Àlàájà ń ṣe ọpẹ́ sókè. Òjò bẹ̀rẹ̀. A gbé Mọ́mì sínú mọ́tò, mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn. A ò tíì jìnnà rárá tí Mọ́mì fi kọjú sí mi, ojú wọn ti yá, wọ́n ní, "Ṣé a ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Bísí báyìí?"

Àlàájà wò mí nínú díńgí.

Ìbéèrè yẹn ni mo ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo sọ òtítọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ó jẹ́ ìròyìn tuntun, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sunkún bíi ti orí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò lè ṣe é mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà ka itan wọn, mo to àwọn kéékèèké jáde. Wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí, Bísí se ẹ̀bà fún àwọn. Èyí, ara Bísí ò yá. Èyí, àwọn jà díẹ̀, àwọn sì parí ẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ta ló wá ń yà wá báyìí?" Mo ní ọkọ mi ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ gidi ni. Ìgbà wo ló ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ya òbí yín ní fọ́tò lónìí. Kì í ṣe ti òde àríyá tí wọ́n kun ojú, èyí tí ojú wọn gan-an hàn. Ẹ fi í síbi tí ọwọ́ lè tètè tó, kó má ṣe wà láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ewé ẹ̀gẹ́. Mo ti rán nọ́ńbà fóònù mi mọ́ inú gbogbo bùbá Mọ́mì, télọ̀ Ìbẹ̀fún ló bá mi ṣe é. Bí wọ́n bá sì ń dárúkọ ẹnì kan léraléra, ẹ má ṣe bíi tèmi o. Ẹ béèrè pé ta ni onítọ̀hún, níbo ló ń gbé, ìgbà wo la máa lọ.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú èyí bá lálejò. Ẹ̀yin tí òbí yín ti ń gbàgbé bíi ti Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, mò ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá béèrè ẹni tó ti kú lọ́wọ́ yín, tí wọ́n sì ń retí rẹ̀, kí lẹ máa ń sọ?